Omi Tó Ṣáájú Àwọn Àna Wa Wọlé

Ọmọ mi àtàtà, àkọ́bí mi obìnrin tó ń jẹ́ kí n máa gbé àyà sókè láàárín àwọn bàbá ẹgbẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́, mo kí ìrìn ìlú ńlá. Ṣé ara le? Ṣé ò ń jẹun bó ṣe yẹ, ṣé o sì ń rí oorun sùn? Ọ̀gá rẹ tó máa ń fi imú sọ̀rọ̀ sí yín ńkọ́, ṣé inú rẹ̀ ti rọ̀ díẹ̀? Bó bá jẹ́ ti àwa ará ilé lo fẹ́ bèèrè, a wà láàyè, a wà ní àlàáfíà, a sì ti gbẹ. Mo ní a ti gbẹ nítorí pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò sí ohun tó gbẹ nínú ilé yìí, àti ènìyàn, àti àga, àti adìyẹ tó ń sàba nínú agbọ̀n lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọlọ́run tó fa orí wa yọ nínú omi yóò máa fa orí tìrẹ náà yọ nínú gbogbo ohun tó bá fẹ́ bò ọ́ mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Àmín.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé, tí n kò pè ọ́, ni pé fóònù wà nínú ìrẹsì. Àbúrò rẹ ló tì í bọ inú àpò ìrẹsì, ó ní ìrẹsì máa fa omi inú rẹ̀ jáde. Gbogbo ọdún tí mo ti ń jẹ ìrẹsì láyé, n kò mọ̀ pé ó tún ń ṣe iṣẹ́ dókítà. Mo máa ń lọ yẹ fóònù náà wò láràárọ̀, mo máa ń bi í bóyá ara ti ń balẹ̀, kò tíì dá mi lóhùn. Ìyá rẹ sì ti búra pé òun kò ní sè lára ìrẹsì náà mọ́, òun kò fẹ́ kí nǹkan máa dún nínú ikùn òun nígbà tí òun bá wà láàárín àwọn ènìyàn.

Jẹ́ kí n tò ó fún ọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé àbúrò rẹ ti ń wá ẹni tí yóò rán sí ọ, bó bá sì jẹ́ òun ló sọ ọ́, yóò fi ẹ̀rín bà á jẹ́.

O rántí ìgbà tí o wá sílé, tí o rí èmi àti ìyá rẹ bí a ṣe ń gbé garawa láti ìdí kànga, tí ojú rẹ sì kọ́rẹ́ lọ́wọ́. O ní ó tó gẹ́ẹ́, o rán púlọ́ńbà sí wa, ó fa omi ìjọba wọ inú ilé, ó fà á dé kíṣìnnì, ó fà á dé balùwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Inú wa dùn kọjá àlà. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ìyá rẹ ń ṣí ẹ̀rọ, ó ń tì í, ó ń ṣí i, ó ń tì í, títí mo fi bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí omi náà sinmi, pé ọ̀nà jíjìn ló ti ń bọ̀.

Púlọ́ńbà náà sọ̀rọ̀ púpọ̀ kó tó lọ, àmọ́ ó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó, mo kàn ń mi orí sí i ni. Ohun tí mo rí dì mú nínú rẹ̀ ni pé omi kì í ṣe ohun tí a ń fi sílẹ̀ láìṣọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí a bá ti lo ẹ̀rọ kíṣìnnì tán, èmi fúnra mi ni mo máa ń lọ tì í, mo máa ń fi ọwọ́ méjèèjì àti gbogbo agbára bíríkìlà tó kù lára mi lọ́ ọ títí yóò fi ké, kí omi má bàa rí ọ̀nà sá lọ. Kò pẹ́, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí kán. Ìyá rẹ ní ó ti bàjẹ́. Mo ní kò bàjẹ́, ó yó ni, ó ń gùnfẹ̀. Mo gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀, mo sì ṣàlàyé fún un pé omi ọ̀fẹ́ ni èyí, nítorí pé nígbà tí a ti ti ẹ̀rọ, ohunkóhun tó bá tún jáde lẹ́yìn ìyẹn, kò lè sí nínú èyí tí ìjọba ń kà sí wa lọ́rùn.

Mo tún ṣí àpótí omi tó wà lẹ́yìn àga ìgbọ̀nsẹ̀ wò, kí n lè mọ ohun tí wọ́n kó pamọ́ síbẹ̀, ilé mi sáà ni. Mo bá bọ́ọ̀lù kan tó ń léfòó lórí omi. Àánú ṣe mí. Mo ní, ó mà ṣe o, púlọ́ńbà yìí ní ọmọ kékeré nílé, bọ́ọ̀lù ọmọ rẹ̀ ló gbàgbé síbí, ọmọ ọlọ́mọ á ti sunkún títí. Mo yọ ọ́, kò tètè yọ, mo fi aṣọ nù ún, mo gbé e sórí àpótí aṣọ mi títí tí ẹni tó ni í yóò fi dé. Láti ìgbà náà ni omi ibẹ̀ kò ti mọ ìgbà tó yẹ kó dúró mọ́, ó ń ṣàn ṣáá, mo sì ń yìn ín pé ó ń fọ ara rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an.

Ọ̀kan ṣì kù. Ẹ̀bá géètì wa níta, púlọ́ńbà gbẹ́ ihò kékeré kan, ó fi ìdérí irin bò ó. Mo dúró, mo wo ihò yẹn. Mo ní, àwọn ọmọ ìwòyí kò mọ bí a ti ń parí iṣẹ́. Ejò lè wọ ibẹ̀, àlejò lè fi ẹsẹ̀ kọ. O mọ̀ mí, bí mo bá rí iṣẹ́ tí ẹnìkan fi sílẹ̀ ní àbọ̀, ọwọ́ á máa yún mi. Mo po kọnkéré tó dáa, mo dà á lé ìdérí náà, nígbà tí mo sì rí i pé kọnkéré kù, mo mọ àga ìjókòó lé e lórí. Àga náà ní ẹ̀yìn, ó ní ibi tí a ń gbé ọwọ́ lé, mo rẹ́ ẹ títí ó fi ń dán bí orí apárí. Àbúrò rẹ sáré jáde, ó ní Bàbá, púlọ́ńbà ní kí a má ṣe dí ibẹ̀. Mo ní ọmọdé kì í kọ́ bíríkìlà ní iṣẹ́ ilé. Ó wò mí, ó wọlé lọ. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń jókòó síbẹ̀, gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ló máa ń kí mi, wọ́n ní mo jọ ọba.

Ó yá, a dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. O mọ̀ pé àbúrò rẹ ti rí ẹni tó fẹ́ fẹ́ ẹ, ọmọ náà sì dáa, kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Àwọn òbí rẹ̀ ní àwọn fẹ́ wá mọ̀ wá nílé. Bàbá rẹ̀ ń tún aago ṣe, ó tinrin, ó rọra ń sọ̀rọ̀, ó máa ń fi ìka méjì mú nǹkan bí ẹni pé gbogbo ayé lè já. Ìyá rẹ̀ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá. Ìyá Ojú-Líle ni wọ́n ń pè é ládùúgbò wọn. Wọ́n ní ó ti lọ wo ilé ọmọbìnrin kan rí kí ọmọ rẹ̀ tó rí tiwa, ó jókòó díẹ̀, ó dìde, ó ní kí ọmọ òun máa bọ̀ nílé, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó rí. Àwọn kan ní eruku ló rí lójú fèrèsé. Nítorí èyí, àbúrò rẹ ò sùn, kò jẹun, ó nu fèrèsé títí gíláàsì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìyá rẹ fọ gbogbo ilé, ó fọ ohun tó dọ̀tí, ó fọ èyí tí kò dọ̀tí, ó fẹ́ fọ èmi náà.

Ohun kan ló bà á nínú jẹ́, síǹkì kíṣìnnì kọ̀, kò gbé omi mì mọ́. Omi àwo dúró síbẹ̀, ó ń rùn. Òróró ló fà á, bí a bá dín nǹkan tán, èmi ni mo máa ń da èyí tó kù sínú ihò síǹkì, nítorí mo rò pé òróró yóò mú kí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ máa yọ̀. Ìyá rẹ ní kí a pe púlọ́ńbà. Mo ní nítorí ọ̀fun tó há? Mo mú irin gígùn tí mo fi ń ro kọnkéré, mo tì í bọ ihò náà, mo fi gbogbo agbára gún un. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí àwọn àlejò ń bọ̀ nìyí o, ìkòkò ti wà lórí iná.

O gbọ́dọ̀ mọ̀ pé lábẹ́ síǹkì yìí, páìpù méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan tẹ̀ bí ọrùn pẹ́pẹ́yẹ, èkejì rọ̀, ó tinrin, òun ló ń gbé omi lọ sí ẹnu ẹ̀rọ. Ọjọ́ tí mo ti rí èyí tó tinrin yẹn ni mo ti yìn púlọ́ńbà, mo ní ọmọ yìí gbọ́n, ó ro ti pé ẹni tó nílé nílò ibi tí yóò so nǹkan kọ́. Ibẹ̀ ni mo so àpò irinṣẹ́ mi kọ́, òòlù kékeré, òòlù ńlá, gbogbo irin tí mo fi tọ́ yín dàgbà. Bí mo ṣe ń gún ihò lókè, àpò ń jó nísàlẹ̀. Mo tún gún un lẹ́ẹ̀kan sí i, mo gbọ́ ìró kan, pọ́ọ̀! Páìpù já kúrò lẹ́nu ibi tó so mọ́, àpò já lulẹ̀, omi sì yọ bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Ó gbá mi láyà, ó gbá òkè àjà, ó padà wá gbá ìkòkò, iná kú fíì.

Mo fi àtàǹpàkò dí i, omi gba ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò yọ. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ dí i, ó pín sí ọ̀nà mẹ́rin, ó ń fín wa lójú. Ìyá rẹ bá mi dì í mú. Àbúrò rẹ pè ọ́ lórí fóònù, ìwọ náà rántí. Ó gbé fóònù sí mi létí, mo sì gbọ́ ọ kedere, o ní kí a lọ pa méènì. Mo ní ọmọ mi gbọ́n. Mo fi páìpù sílẹ̀ fún ìyá rẹ, mo sáré lọ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pálọ̀, níbi tí méènì iná wà, mo fà á wálẹ̀ gbáà. Fáànù dúró, rédíò dákẹ́, gílóòbù kú. Omi nìkan ni kò gbọ́. Mo padà wá sọ fún ọ pé mo ti pa á, omi kò ka ìjọba sí. O ní kí n ṣàlàyé bí omi ṣe ń jáde, ó le ni tàbí ó ń kán. Mo rò ó pé ẹnu mi kò lè sọ ọ́ tó, ó dára kí o gbọ́ ọ fúnra rẹ, mo bá na fóònù sí i. O sọ nǹkan kan tó dún bí gbúlù gbúlù, láti ìgbà náà n kò gbọ́ ohùn rẹ mọ́. Má bínú.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ wa ṣe dà bí ti ìgbín tí omi tẹ̀yìn wọ̀ lẹ́nu. Omi kún kíṣìnnì, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dé pálọ̀, ó ń lọ sí ẹnu ọ̀nà láti lọ kí àlejò. Àlejò sì dé. Mo gbọ́ kíkàn ilẹ̀kùn. Ìyá rẹ wò mí, mo wò ó. Ó ní kí n lọ, òun àti àbúrò rẹ yóò di páìpù mú. A ti fi àkísà wé e, a fi okùn dì í, ó dín kù díẹ̀. Mo fi ọwọ́ nu ojú, mo ṣí ilẹ̀kùn.

Àwọn méjèèjì ni wọ́n dá wá, ọmọkùnrin wọn wà lẹ́nu iṣẹ́. Atún-aago-ṣe wọ funfun láti òkè délẹ̀. Bí mo ṣe ṣí ilẹ̀kùn, omi ló kọ́kọ́ jáde lọ pàdé wọn, ó wọ inú bàtà rẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wò mí. Ó ní ẹ kú ilé o. Mo ní ẹ káàbọ̀, ẹ kú ìrìn. Ó ní ṣé àlàáfíà la wà. Mo ní àlàáfíà ni, a ò rí nǹkan fi ṣe. Ọmọ mi, kí ni mo fẹ́ sọ? Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó, èmi náà jókòó, a gbé ẹsẹ̀ sínú omi bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Ó ní òjò kò tíì fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ lọ́dún yìí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ilẹ̀ gbẹ. Sálúbàtà ìyá rẹ kan ti inú ilé bọ̀, ó ń léfòó, ó kọjá níwájú wa, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ojú tẹ̀lé e títí ó fi gba ẹnu ọ̀nà jáde. Ìyá Ojú-Líle jókòó gbọin, ojú rẹ̀ le bí ògiri tí sìmẹ́ńtì rẹ̀ pé.

Ni ìyá rẹ bá pariwo láti kíṣìnnì pé àkísà ti bọ́. Mo fò dìde, mo sáré wọlé, n kò mọ̀ pé obìnrin náà ti ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Mo bá àbúrò rẹ nídìí ògiri, ó gbá korobá mọ́ àyà, omijé àti omi ẹ̀rọ jọ ń ṣàn lójú rẹ̀, ó ń wí lábẹ́lẹ̀ pé ó ti tán, ó ti tán. Ìyá rẹ tún te àkísà mọ́ ẹnu páìpù, mo fi eyín di ìdí okùn mú, mo ń fi ọwọ́ méjèèjì yí i ká. Nígbà tí mo gbójú sókè, mo rí àna wa lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. Ó dúró, ó ń wò wá. Ó pẹ́ lójú mi. Mo ní nínú ara mi pé ọmọ mi ti pàdánù ọkọ, èmi ni mo sì fi ọwọ́ ara mi fà á. Kò tún sí ohun tó dùn mí bí èyí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi.

Obìnrin náà tú ìborí rẹ̀, ó fi gbàjá, ó káṣọ sókè, ó gba korobá lọ́wọ́ àbúrò rẹ. Ó ní, “Yé sunkún, omi tó wà nílẹ̀ ti tó. Ibo ni wọ́n ti ń ti omi ilé yìí?”

Àbúrò rẹ wò mí. Ó ní, “Abẹ́ àga Bàbá ni.”

Ọmọ mi, mo tú okùn sílẹ̀ lẹ́nu. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí púlọ́ńbà sọ lọ́jọ́ yẹn padà wá sí mi létí lẹ́ẹ̀kan náà. Mo wá òòlù ńlá nínú omi, mo rí i, mo sáré jáde, àna mi tẹ̀lé mi nínú aṣọ funfun rẹ̀. Mo gbé òòlù sókè, mo fi gbogbo ara lu àga náà. Òòlù ta padà. Mo tún lù ú, kò sán. N kò ní purọ́ fún ọ, bí inú mi ti bàjẹ́ tó nì, apá kan nínú rẹ̀ ń dùn, nítorí iṣẹ́ mi ni. Mo sọ fún àna mi pé ẹ ẹ̀ rí i bó ṣe dúró, wọn kì í mọ irú rẹ̀ mọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó dáa púpọ̀, àmọ́ ilé ń rì.

Ó gba òòlù lọ́wọ́ mi. Ó kọ́kọ́ tẹ etí mọ́ àga náà, ó fi òòlù kàn án jẹ́jẹ́ níbí, ó kàn án jẹ́jẹ́ lọ́hùn-ún, bí ẹni tó ń gbọ́ bóyá aago ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń kọjá ti dúró. Ẹnìkan ní kí ó lu ẹ̀yìn rẹ̀, ẹnìkan ní rárá, ìdí ni, ẹnìkan bèèrè kí ni àga náà ṣe fún wa. Àna mi bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó kó o fún ẹni tó sún mọ́ ọn, ó gbé òòlù sókè orí, ó sọ ọ́ kalẹ̀ bí àrá. Ọkùnrin tó ń fi ìka méjì mú nǹkan! Ibi ìgbọ́wọ́lé ṣí kúrò. Mo gbà á, mo lù ú, ó gbà á, ó lù ú, òógùn bò wá, erùpẹ̀ sọ aṣọ funfun di àwọ̀ ilẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín láìmọ ìdí rẹ̀. Nígbà tó yá, àga náà là sí méjì, a ṣí ìdérí, a bá kọ́kọ́rọ́ omi nínú ihò, sìmẹ́ńtì ti dì mọ́ ọn. A jọ dì í mú, ọwọ́ rẹ̀ lórí ọwọ́ mi, a lọ́ ọ. Ó lọ́, ó kọ̀, ó tún lọ́, ó tì. A gbọ́ tí ilé dákẹ́ láti ìta.

Nígbà tí a wọlé, ìyá rẹ àti Ìyá Ojú-Líle ń fi àwo gbọ́n omi jáde, àbúrò rẹ ń fi korobá tẹ̀lé wọn. A ń dúró de ohun tí obìnrin náà máa sọ. Ó na ẹ̀yìn rẹ̀, ó jókòó lórí tábìlì nítorí àga gbogbo ti mu omi, ó wò mí, ó wo ọkọ rẹ̀ tó ti di pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀.

Ó ní, “Ilé tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ na ìyá mi bí àwo kan bá fọ́ ni mo ti dàgbà. Bí mo bá wọ ilé ènìyàn, n kì í wo eruku. Bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́ ni mo máa ń wò. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì yẹn, omi ń gbá bàbá yìí lójú, kò bú ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ kò bú u. Ẹ fún wa lọ́mọ yín.”

Ìyá rẹ sunkún. Àbúrò rẹ dọ̀bálẹ̀ sínú omi níbi tó ti yẹ kó kúnlẹ̀, ẹsẹ̀ ló yọ̀. Ìwọ ni mo lè sọ òótọ́ fún, ìdí tí n kò fi bú ìyá rẹ ni pé okùn wà lẹ́nu mi nígbà tí obìnrin náà ń wò wá. Bí kì í bá ṣe okùn yẹn ni, mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ sọ sí ìyá rẹ nípa bó ṣe ń te àkísà. Nígbà tí àwọn àlejò sì ti lọ, mo bi ìyá rẹ bó ṣe jẹ́ tí òun náà kò fi sọ nǹkan kan sí mi. Ó ní ohun tí òun fẹ́ bú mi lé lórí ló pọ̀ jù, òun ṣì ń wá èyí tí òun máa fi bẹ̀rẹ̀ ni obìnrin náà fi dé. Àmọ́ ó fi ọwọ́ gbá mi lẹ́yìn nígbà tó sọ ọ́, n kò sì rò pé ó tún wá a mọ́.

Oúnjẹ ṣẹ́ kù, èyí tó wà nínú ìkòkò tó ní ìdérí. Gbogbo wa jẹ ẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì kí àwọn àlejò tó lọ, ẹsẹ̀ wa rọ̀ sílẹ̀ bí ti ẹyẹ orí wáyà, èmi àti àna mi jọ jẹ nínú àwo kan.

Púlọ́ńbà dé lọ́jọ́ kejì. Mo fi bọ́ọ̀lù ọmọ rẹ̀ lé e lọ́wọ́, ó wo bọ́ọ̀lù, ó wò mí, ó jókòó sílẹ̀. Ó ní bọ́ọ̀lù yẹn ni ọlọ́pàá omi inú àpótí náà, bó bá gbéra sókè ni omi máa ń mọ̀ pé ó ti tó. Ó ní òróró kò gbọdọ̀ gba ihò síǹkì, ó máa ń dì síbẹ̀ bí ọ̀rá, kí a dà á sínú agolo, kí a sì fi nǹkan alásẹ́ bo ẹnu ihò náà kí èérún oúnjẹ má bàa wọ̀ ọ́. Ó ní páìpù kì í ṣe ìkọ́. Ó ní ẹ̀rọ kì í fẹ́ agbára, rọ́bà pẹlẹbẹ kékeré kan ló wà lọ́fun rẹ̀, bí a bá fún un lọ́rùn jù, rọ́bà náà á jẹ, omi á máa kán, bó bá sì ti ń kán kí a tètè pààrọ̀ rẹ̀, kó má di ńlá. Ó ní ìjọba ń ka èyí tó ń kán náà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Lẹ́yìn náà ló bèèrè ẹni tó pa méènì iná nígbà tí omi kún ilẹ̀. Mo ní èmi ni. Ó dìde, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé nìyẹn, iná àti omi ì bá ti jọ pa wá. Mo sọ fún un pé mo ti rò ó tẹ́lẹ̀. Ìyá rẹ wúkọ́.

Ní báyìí, èmi ni mo ń lọ láti ilé dé ilé ládùúgbò, tí mo ń kọ́ wọn ní ìtọ́jú páìpù. Bí wọ́n bá rí mi lókèèrè, wọ́n ń yára ti ilẹ̀kùn, mo gbà pé wọ́n ń lọ yẹ ẹ̀rọ wọn wò.

Nítorí náà, ọmọ mi, bí ọwọ́ rẹ bá tẹ nǹkan, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, kí a lè ra páìpù gidi àti tìmùtìmù tuntun fún àga pálọ̀, èyí tó wà nílẹ̀ ti ń hu olú. Àmọ́ jọ̀ọ́, má fi rán báǹkì. Akọ̀wé báǹkì ibí fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé bí owó bá ti wà lọ́wọ́ àwọn, ó ń dín díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Mo ní rọ́bà ọ̀fun rẹ̀ ló ti jẹ, kí wọ́n pe púlọ́ńbà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Èmi ò lè fi owó ọmọ mi síbi tó ń jò. Fi lé ẹni tó ń bọ̀ nílé lọ́wọ́, kó mú un wá.

Mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ ní nǹkan kan sí i kí n tó gbé bírò sílẹ̀. Ilé tí ìwọ ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn, n kò mọ ẹni tí o lè ké sí níbẹ̀ bí nǹkan bá já. Bí o bá ka ìwé yìí tán, má sọ pé ó di ọ̀la, lọ bá onílé, ní kó mú ọ lọ síbi tí wọ́n ti ń ti omi ilé náà. Fi ọwọ́ ara rẹ tì í, kí o sì fi ọwọ́ ara rẹ ṣí i. Mo máa sùn dáadáa bí mo bá mọ̀ pé o mọ ibẹ̀.

Ohun tí o bá tì, yóò tì. Ohun tí o bá ṣí, yóò ṣí. Ohun rere tó ń ṣàn bọ̀ wá bá ọ kò ní yà sílé onílé. Ìyá rẹ kí ọ, àbúrò rẹ kí ọ, àna wa méjèèjì ní kí n kí ọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ.